Ó Ku Bọ́tìnì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kọ́kọ́ fìdí lélẹ̀ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ìròyìn tí mo gbé dé yìí, tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ lè ṣubú. Lánàá, ọjọ́ Jímọ̀, èmi ọmọ yín kó yúnífọ́ọ̀mù márùndínláàádọ́ta lọ fún ẹni tó ni ín, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo sì dé ibẹ̀. Aago mẹ́rin la jọ dá o! Èmi tí wọ́n ń pè ní Ẹ-padà-wá-lọ́la ní gbogbo Ìkòsì, mo fi odidi wákàtí kan ṣáájú àdéhùn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti wọ kẹ̀kẹ́ padà. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Ṣàngísà dé Kétu, mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì, àwọn èèyàn sì ń yà fún mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń mi orí yẹn, tí ẹ máa há abẹ́rẹ́ sétè, tí ẹ máa wò mí láti orí ìgò ojú yín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sọ pé mò ń purọ́.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ọ̀gá Ráímì, ọ̀rẹ́ yín tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ́kán wa, ṣì wà. Ó ti dàgbà sí i díẹ̀, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò dàgbà rárá. Àga yín tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, mo ṣì ń fi páálí tì í nídìí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Agolo mílíìkì ńlá tí ẹ ń kó bọ́tìnì sí, ó wà lórí pèpéle níbi tó wà. Ohun tí kò sí bó ṣe wà mọ́ ni báàgì abẹ́ tábìlì. Báàgì ọ̀hún gan-an ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ rántí òfin yín? Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín lẹ ti kọ́ mi: aṣọ tí kọ́sítọ́mà bá gbé wá, kí n ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ kó tó dé ilé ẹ̀. Aṣọ tí a ò tíì gé, olówó ẹ̀ lè yí ọkàn padà, kó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Aṣọ tí a bá ti gé, ó ti di tiwa nìyẹn, torí ta ló máa gba aṣọ tí ẹlòmíì ti gé? A ó ká a sínú báàgì, a ó tì í sábẹ́ tábìlì. Bí ẹni náà bá dé, tó ní aṣọ òun ńkọ́, a ó ní kó fọkàn balẹ̀, ó ku bọ́tìnì. Bọ́tìnì wo? Aṣọ tí kò tíì fojú kan máṣíìnì!

Mi ò bá yín jà o. Mo mọ ibi tí òfin yẹn ti wá. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣakí dé Kétu, tí ẹ ò ní ju máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ, àwọn èèyàn á gbé aṣọ fún yín láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á ti rí ṣọ́ọ̀bù tó tóbi ju tiyín lọ, wọ́n á padà wá gba aṣọ wọn. Ìbẹ̀rù ló kọ́ yín ní gígé kíákíá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣé ẹ kì í gbàgbé àwọn tí ẹ ti gé tiwọn ni? Ṣé báàgì yẹn kì í dẹ́rù bà yín nígbà tí ẹ bá dá wà pẹ̀lú ẹ̀?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo sọ báàgì kan di mẹ́rin. Ẹ wá wo bí ọjọ́ mi ṣe máa ń rí. Màá ṣílẹ̀kùn ní aago méje ààbọ̀, màá mú apá bùbá kan, màá jókòó tì í. Kí n tó rán ẹ̀gbẹ́ kan tán, fóònù á dún. Aunty kan láti Mile 12 ní òun ń bọ̀ wá gba síkẹ́ẹ̀tì òun lọ́sàn-án. Màá ju apá bùbá sílẹ̀, màá fa síkẹ́ẹ̀tì jáde, màá tú òwú funfun kúrò lórí máṣíìnì, màá fi pupa sí i. Níbi tí mo ti ń wá síìpù, ẹlòmíì á ti wọlé, á na ìka sí mi lójú, tiẹ̀ náà á bọ́ síwájú. Ẹni tó bá pariwo jù ni mò ń dá lóhùn. Ẹni tó bá ní sùúrù, aṣọ ẹ̀ á máa jẹrà nísàlẹ̀ báàgì. Tí ariwo bá rọlẹ̀ díẹ̀, màá ní kí n wo Wasáàpù fìrí, fídíò kan á bí méjì, méjì á bí mẹ́ta. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ti ń ro mí, ojú ti ń ta mí, mo ti ṣiṣẹ́ bí ẹrú, àmọ́ tí ẹ bá ní kí n gbé aṣọ kan ṣoṣo tí mo parí lọ́jọ́ náà sókè, mi ò ní rí. Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èmi, eku ogún ni mò ń lé, mo tún ń bínú pé ọwọ́ mi ò tẹ ọ̀kan.

Ẹ rántí Mọ́mì oníléèwé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàngísà? Ẹ̀yin lẹ rán yúnífọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀ wọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé iṣẹ́ náà fún èmi. Bàbá, mo dójú tì yín. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, àwọn ọmọ mọ́kànlá ló wọ aṣọ ilé wá síléèwé, torí pé tiwọn ṣì wà ní gígé nínú báàgì mi, mo sì ti wí fún ìyá náà pé ó ku bọ́tìnì. Wọ́n ní láti tò wọ́n sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdébìnrin kékeré báyìí, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bèèrè pé ṣé òun kì í ṣe ọmọ iléèwé náà mọ́ ni. Mọ́mì fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì gbé ohùn sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó pariwo.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí mọ́tò ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ní ìbẹ̀rẹ̀ họlidé yìí, mo rò pé ìjà ló bá wá. Àṣé aṣọ ló gbé wá, búlúù àti funfun, odidi ìdì méjì. Kó tó gbé e kalẹ̀ tán, ọwọ́ mi ti lọ sí ibi sísọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ pé àṣà ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ó wo ọwọ́ mi.

“Má gé e,” ó ní. “Bí o bá gé e lónìí, mi ò tún ní rí i mọ́ nìyẹn.”

Ó wá jókòó sórí àga yín. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ látìgbà tí ẹ ti lọ, àmọ́ mi ò lè sọ pé kó dìde. Ó bi mí pé yúnífọ́ọ̀mù mélòó ni mo lè rán lóòjọ́. Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú ò tì mí rárá. Ó ní ó dáa, kí n rán ẹyọ kan kí òun máa wò, ó yọ aago ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó mú bírò àti ìwé jáde nínú báàgì. Bàbá, odidi wákàtí mẹ́ta ni! Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń dìde: mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, mo wá òwú, mo wá téèpù tó wà lọ́rùn mi, mo jáde lọ fèsì àpárá tí Ọ̀gá Ráímì dá láti ọ̀ọ́kán, kọ́sítọ́mà méjì sì wọlé tí mo ń bẹ̀. Nígbà tó ka ìwé náà fún mi tán, àkókò tí mo fi ránṣọ gan-an ò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Wákàtí tó kù, mi ò lè sọ ibi tó gbà. Ojú tì mí, torí orí àga yín ló jókòó sí tó ń kà á.

Ó wá sọ tẹnu ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n wọlé. Aṣọ márùndínláàádọ́ta ló ń fẹ́, aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó máa ṣáájú ìwọlé. Bó bá fi ọjọ́ kan yẹ̀, àwọn télọ̀ tó ní máṣíìnì ńláńlá ní Òjóta ló máa máa rán an títí ayé, orúkọ yín nínú iléèwé yẹn parí síbẹ̀. Àti pé kò ní fi aṣọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi báyìí. Ọjọ́ tí mo bá lè fi hàn án lórí ìwé pé ọjọ́ báyìí ni màá rán èyí, ọjọ́ báyìí ni màá rán tọ̀hún, ọjọ́ yẹn ló tó máa gbé e wá. Ó gbé ìdì méjèèjì, ó kó o padà sínú mọ́tò. Ọ̀gá Ráímì dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò tíì rí irú ẹ̀ rí, kí aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kó sì tún jáde lódindi.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo da báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Aṣọ mẹ́tàlélógún ni mo ti gé tí mi ò rán tán. Mọ́kànlá ni mi ò tíì gé. Nísàlẹ̀ báàgì tó pẹ́ jù ni mo wá ti rí gínnì aláwọ̀ eérú yín.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Ẹ ra gínnì yẹn lọ́dún tí mo kọ́ṣẹ́ tán, tí ẹ ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ wọ aṣọ tí ọmọ yín rán, kí ẹ fi lọ kí àwọn ará Ṣakí nígbà Iléyá. Ẹ ṣa bọ́tìnì mẹ́rin fúnra yín nínú agolo, ẹ fi òwú so wọ́n pọ̀, ẹ dá wọn padà síbẹ̀. Mo gé aṣọ náà lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ má bàa gbé e fún Ọ̀gá Ráímì, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Iléyá dé, Iléyá lọ, aṣọ àtijọ́ lẹ wọ̀ lọ sílé. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan, mo ní lọ́la. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí n kàn gbé tàwọn kọ́sítọ́mà kúrò nílẹ̀, ẹ̀yin kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ara yín ò yá, orí ẹní lẹ wà, mo wojú yín, mo ní ó ku bọ́tìnì. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín.

“Irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ẹ lo wá ń pa fún mi yìí,” ẹ ní.

Ẹ ò bèèrè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣé ó dùn yín? Àbí ẹ̀rín yẹn ni gbogbo ohun tó wà nínú yín? Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí ẹ fi lọ, ọjọ́ náà la sì sin yín. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ránṣọ fún ará Kétu, aṣọ funfun tí abẹ́rẹ́ kankan ò kàn lẹ wọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wa wí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo sunkún nítorí gínnì yẹn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ lọ. Àwọn èèyàn rò pé ikú yín nìkan ni mò ń sun.

Mo kọ orúkọ yín sí ìparí ìwé náà, lẹ́yìn àwọn mẹ́tàlélógún. Mo ní títí mi ò bá fi ṣe tàwọn tí mo ti ń tàn jẹ, mi ò tó ẹni tó ń fọwọ́ kan tiyín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì. Ẹ má bínú, òfin yín ni mo tẹ̀ lójú. Mo kó aṣọ mọ́kànlá tí mi ò tíì gé, mo ń gbé wọn padà fún olówó wọn nílé-nílé, láti Ìkòsì dé Mile 12, títí dé Olówóòrà. Ẹ ò rí ojú wọn! Mọ́mì kan rò pé mo fẹ́ kú ni. Òmíràn bi mí bóyá ìjọba ti fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá kan yẹ aṣọ ẹ̀ wò níwá lẹ́yìn, ó ń wá ibi tí mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó o. Mo sọ òótọ́ fún gbogbo wọn: mi ò lè rán an títí iléèwé á fi wọlé, tí wọ́n bá lè dúró, màá kọ ọjọ́ fún wọn, tí wọn ò bá lè dúró, aṣọ wọn rèé, kò sí ojú sísọ́ọ̀sì kankan lára ẹ̀. Bàbá, ẹ mọ̀ pé mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ló ní òun máa dúró? Ọ̀gá tó ń wá ibi tó jó yẹn pàápàá! Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń bá télọ̀ ṣe, òun ò tíì rí èyí tó sọ fún òun pé òun ò ráyè. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń bẹ̀rù pé wọ́n á lọ, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní lọ rárá. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ọ̀gá Ráímì ní orí mi ti dàrú. Ó ní télọ̀ tó ń dá aṣọ padà, ó kù díẹ̀ kó máa dá owó ọkọ̀ kọ́sítọ́mà padà pẹ̀lú.

Mo ra kàlẹ́ńdà kan tí ojú ilé ẹ̀ gbòòrò, mo kàn án mọ́ ògiri ní ọ̀kánkán máṣíìnì. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé tiẹ̀, mo sì ń kọ orúkọ aṣọ sínú ẹ̀. Bí ilé bá ti kún, ó ti kún, bó ṣe ọba ló gbé aṣọ wá. Mi ò gé aṣọ mọ́ àfi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ rán an. Ní aago mẹ́jọ, fóònù á wọ inú agolo bọ́tìnì yín, mo máa dé e, kò ní jáde títí di aago méjìlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí agolo náà láti fi fóònù síbẹ̀, bọ́tìnì yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ tí òwú yín ṣì so wọ́n. Mo tètè dé e. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àlejò àti wíwọ̀n, láti aago mẹ́rin sókè ni. Wọ́n bú mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ń wá ní aago mẹ́rin.

Ìyàwó mi náà dá sí i. Ó jókòó wò mí lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń rán odidi aṣọ kan tán kí n tó mú òmíràn, tí mò ń tú òwú búlúù, tí mò ń fi funfun, tí mo tún ń tú u. Ó ní ṣé ata kan ni òun máa ń lọ̀, kí òun fọ ẹ̀rọ, kí òun tún wá lọ ìkejì? Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu. Ọjọ́ kejì, mo kó mẹ́ta tí àwọ̀ wọn jọra papọ̀, mo rán kọ́là mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, mo rán apá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, mo yí òwú lẹ́ẹ̀mejì péré láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo parí ní aago márùn-ún. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ ohun tí èèyàn máa ń fi aago márùn-ún ṣe. Mo lọ sílé, àwọn ọmọ mi rò pé ara mi ò yá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rán àwọn mẹ́tàlélógún náà, mo bẹ àwọn tí mo ní láti bẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé ìwé lọ fún Mọ́mì oníléèwé: mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Sátidé kún un, ọjọ́ kan gbáko fún bọ́tìnì àti áyọ́ọ̀nù. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé aṣọ ẹ̀ wá.

Àfi bí mo ṣe dé ọ̀sẹ̀ kejì lórí yúnífọ́ọ̀mù náà, tí Àǹtí Sẹ̀kínátù, àbúrò yín, já wọlé. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé léèsì kan dání, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí àwọn máa wọ̀ ọ́, àti pé tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ẹ ò bá ti gé e kí àwọn tó sọ̀rọ̀ tán. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá, mo tẹ́ léèsì yẹn sórí tábìlì. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ẹnu ẹ̀ ti wà létí aṣọ. Mo wo kàlẹ́ńdà, ilé tọjọ́ náà kún, tọ̀la kún, tọ̀túnla kún. Tí mo bá gé e, mo mọ ìrìn tó kù, mo ti rìn ín rí: yúnífọ́ọ̀mù mẹ́ta á sún dé ọ̀la, tọ̀la á sún dé ọ̀túnla, ọmọ kan á sì tún dúró sẹ́yìn ìlà pẹ̀lú aṣọ ilé. Mo ká léèsì náà, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jáde lórí wọn! Wọ́n ní mo ti dàgbà jù wọ́n lọ. Wọ́n gbé e sọdá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ráímì, ìyẹn gé e lójú ẹsẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá a jà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó ku bọ́tìnì.

Iná lọ lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Mo wọ́ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yín jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ta epo sí i, ó sì dáhùn bí ẹni pé àná lẹ fi í sílẹ̀. Mẹ́ta tọjọ́ náà pé. Mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mò ń kọrin, Ọ̀gá Ráímì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dápàárá. Ó kàn ní ó jọ pé ohùn iṣẹ́ yín ni òun gbọ́.

Bí mo ṣe wọ iléèwé Ṣàngísà lánàá nìyẹn. Mọ́mì wo ẹrù, ó wo aago ògiri, ó tún wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fa bọ́tìnì wò, ó yí ìdí kọ́là padà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti bá àwọn ará Òjóta sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wà ní ìmúrasílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, torí òun ò gbà gbọ́ pé màá dé. Ó gbé fóònù níwájú mi, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́. Ó ní iṣẹ́ táàmù tó ń bọ̀, kí n ti wá àyè fún un lórí kàlẹ́ńdà. Ó tún ní kí n wá lọ́jọ́ Monday, ní àkókò tí wọ́n bá tò, kí n wá wo àwọn ọmọ náà. Bàbá, kò sí ọmọ kan tó máa dúró sẹ́yìn ìlà!

Òní ni Sátidé. Láàárọ̀ yìí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo wo kàlẹ́ńdà, ilé tòní ṣófo. Látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, n kò rí irú ẹ̀ rí, odidi ọjọ́ kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mú bírò, mo kọ “Bàbá mi” sínú ẹ̀.

Mo tẹ́ gínnì yín sílẹ̀. Ojú ibi tí mo gé sí nígbà yẹn ti ń tú díẹ̀, mo tún un ṣe. Mo fi fóònù sínú agolo, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yín rán an látòkè délẹ̀, mi ò sáré, mi ò sì fi falẹ̀. Lọ́sàn-án, mo wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ìwọ̀n yín ló bá mi mu rẹ́gí, títí dé ikùn. Ọdún tí mo gé e, méjì mi ló lè wọ inú ẹ̀. Òun ni màá wọ̀ lọ sí Ṣàngísà lọ́jọ́ Monday, kí àwọn ọmọ náà lè rí yín.

Mo ti bọ́ ọ báyìí, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yìí. Aago mẹ́rin ò tíì lù. Mo ti ṣí agolo, mo ti tú òwú yín, bọ́tìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi. Bàbá, aṣọ yín ńkọ́? Ó ku bọ́tìnì. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ wá wò ó, bọ́tìnì nìkan ló kù.

Ẹ jókòó, kò ní pẹ́ rárá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, tó fẹ́ràn yín dọ́ba.